Bí Mo Ṣe Gba Ọ̀já Ìkookò Mi Lọ́wọ́ Omi

Ewé kan ló kọ́kọ́ dà lulẹ̀. Mo ní kí n gbé e nàró, ló bá já mọ́ mi lọ́wọ́. Ìdí rẹ̀ ti rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n rà, ó ń rùn, omi dúdú sì ń sun lára rẹ̀. Ó dùn mí dénú. Mo fẹ́ràn ewéko yìí gan-an, ó sì dá mi lójú pé mò ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa: kò sí àárọ̀ tí n kì í bu omi sí i.

Ìdílé ewéko yìí ni àwọn tó mọ igi mọ ewé ń pè ní ọ̀já ìkookò. Ewé rẹ̀ nípọn, ó dúró ṣánṣán bí idà, ilà wẹ́lẹwẹ̀lẹ sì dábùú rẹ̀ láti ìdí dé orí. Tèmi tún ní àwọ̀ ìyeyè létí. Sansevieria trifasciata ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é kí wọ́n tó kó o mọ́ ìdílé Dracaena ní 2017, nítorí náà, orúkọ méjèèjì lẹ máa bá pàdé. Ilẹ̀ tó lọ láti Nàìjíríà dé Kóńgò ló ti ṣẹ̀ wá. Inú ewé tó nípọn yẹn ló ń tọ́jú omi pamọ́ sí. Òru ló máa ń ṣí àwọn ihò tíntìntín ara rẹ̀. Tí oòrùn bá yọ, á pa wọ́n dé, kí ooru má baà fa omi ara rẹ̀ tán. Ohun tó mọ omi í ṣọ́ tó báyìí ni mo ń rọ omi lé lórí lójoojúmọ́.

Mo dojú ìkòkò náà dé, mo gbá ìdí rẹ̀ jẹ́jẹ́, gbogbo rẹ̀ sì yọ. Ìsàlẹ̀ ti di ẹrọ̀fọ̀. Ìkòkò dídán tí mo gbìn ín sí kò ní ihò nídìí, omi kò ríbi gbà jáde, gbòǹgbò kò sì rí atẹ́gùn. Mo gbọn iyẹ̀pẹ̀ dànù, mo wá ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò níkọ̀ọ̀kan. Ewéko yìí ní kinní kan tó ń rá lábẹ́ ilẹ̀ bíi ata ilẹ̀, ara rẹ̀ ni ewé ti ń yọ. Ibi tó le ni mo dá sí. Ibi tó rọ̀, tí èèpo rẹ̀ ń bó fúnra rẹ̀, mo gé e kúrò. Mo ń fi sípíríìtì nu ọ̀bẹ lẹ́yìn gígé kọ̀ọ̀kan, kí n má baà kó àrùn ran ibi tó yè. Mo gé títí tí inú rẹ̀ fi mọ́ tónítóní. Nínú ewé mẹ́sàn-án, mẹ́rin ló kù.

Èyí tó wá nira fún mi jù ni pé mi ò gbọdọ̀ gbìn ín lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ló fi wà lórí ìwé ìròyìn níbi tí oòrùn kò dé, títí ojú ibi tí mo gé fi gbẹ tó sì le. Lẹ́yìn náà ni mo gbìn ín sínú ìkòkò amọ̀ oníhò tí kò fẹ̀ ju gbòǹgbò rẹ̀ lọ púpọ̀. Ìdajì iyẹ̀pẹ̀, ìdajì yanrìn tó rí ṣákaṣàka. Mo fi ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀ kí n tó fún un lómi.

Ewé tó já yẹn náà kò ṣòfò. Òkè rẹ̀ ṣì le, mo gé e sí mẹ́rin, mo fi bírò sàmì sí ìsàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí èyí tí wọ́n bá dorí rẹ̀ kodò gbìn kò ní ta gbòǹgbò. Ó lé ní oṣù méjì kí gbòǹgbò tó yọ, ó tún pẹ́ kí ọmọ tó yọrí. Nígbà tó yọ, ewé tútù lásán ni, kò ní etí ìyeyè bíi ti ìyá rẹ̀. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn fún irú aláwọ̀ méjì yìí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ọmọ gbé àwọ̀ ìyá, kinní abẹ́ ilẹ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ pín tewétewé.

Ní báyìí, n kì í wo kàlẹ́ńdà kí n tó bomi rin ín. Igi gbígbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni mo ń kì bọ iyẹ̀pẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀. Tí iyẹ̀pẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ọn, kò tíì yá. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Tí òtútù bá mú, ó lè tó oṣù kan. Bí mo bá wá fún un, mo máa ń fún un lámuyó, títí omi á fi máa jáde nídìí, mo sì ń da èyí tó bá ṣẹ́ kù sínú àwo ìsàlẹ̀ nù. N kì í jẹ́ kí omi dúró sáàárín ewé. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo gbé e sí, lókè níbi tí ológbò kò ti lè dé, nítorí tí ológbò tàbí ajá bá jẹ ẹ́, á máa bì.

Láàárọ̀ òní, mo ki igi náà bọ̀ ọ́. Ó yọ jáde pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ tútù lórí. Mo gbé kẹ́tù omi padà síbi tó wà.