Bí purotéènì inú ọ̀nà èémí ṣe ń dáàbò bo ẹ̀dọ̀fóró: ìtọ́sọ́nà fún àgbẹ̀ àti ìdílé ní agbègbè Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Kò sí èémí tí a mí sínú tí kì í gbé nǹkan wọlé, yálà eruku, èéfín tàbí kòkòrò àrùn tí ojú lásán kò lè rí. Síbẹ̀ òtútù àyà kì í ṣe wá lójoojúmọ́, nítorí pé ara ti fi ẹ̀ṣọ́ sí ọ̀nà náà láti ihò imú títí dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, purotéènì, ìyẹn èròjà tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe, sì ni púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ ọ̀hún.

Purotéènì tí à ń pè ní mucin ló ń mú kí ikun imú àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ki, kí ó sì máa fà, tí ó fi ń mú eruku àti kòkòrò bí àtè ti ń mú ẹyẹ. Àwọn irun wínníwínní tó wà lábẹ́ rẹ̀ a máa ti ikun náà gòkè wá sí ọ̀fun láìsinmi, kí a lè gbé e mì tàbí kí a tu ú dànù. Nínú ikun yìí kan náà ni purotéènì mìíràn, lysozyme, wà, èyí tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Alexander Fleming kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1922. Ó wà nínú omijé, itọ́ àti funfun ẹyin pẹ̀lú. Ògiri ara bakitéríà, ìyẹn irú kòkòrò àìfojúrí kan, ni ó máa ń wó, títí bakitéríà náà yóò fi bẹ́. Ọ̀nà mìíràn ni purotéènì tí à ń pè ní lactoferrin ń gbà: èròjà irin tí ọ̀pọ̀ bakitéríà nílò kí wọ́n tó lè pọ̀ sí i ni ó ń gbà mọ́ wọn lọ́wọ́. Nínú àwọn àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, purotéènì tí à ń pè ní SP-A àti SP-D a máa lẹ̀ mọ́ bakitéríà lára, kí sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ kòkòrò lè tètè dá a mọ̀, kí ó sì gbé e mì.

Lactoferrin kún inú omi ọmú tó kọ́kọ́ jáde lẹ́yìn ìbímọ, èyí tí àwọn kan ṣì ń fún dànù pé ó dọ̀tí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fún un dànù mọ́. Ọmú nìkan ni kí ọmọ mu fún oṣù 6 àkọ́kọ́.

Nínú ohun gbogbo tó ń ba ètò yìí jẹ́ lágbègbè wa, èéfín ni mo kà sí èyí tó burú jù. Ó ń dá àwọn irun wọ̀nyí lọ́wọ́ kọ́, ó ń mú kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ pọ̀ kọjá ààlà, ó sì ń sọ sẹ́ẹ̀lì ajẹkòkòrò di aláìlera. Ẹ wo ìyá tó jókòó ti agbada gàrí, tí igi tútù ń rú èéfín sí i lójú, tí ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn sì ń mí èéfín kan náà láti àárọ̀ di ọ̀sán. Igi gbígbẹ ni kí ẹ fi dáná, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá, kí ẹlòmíràn sì bá a gbé ọmọ jìnnà sí ibẹ̀. Bákan náà ni fún ẹ̀yin tí ẹ ń fi iná gbẹ kòkó lásìkò òjò, láti Ìdànrè títí dé Ilé-Olújì: èéfín tó ń ba adùn kòkó yín jẹ́ lójú oníbàárà kò dá ọ̀nà èémí ẹni tó ń rò ó sí. Bí ẹ bá ń di kòkó gbígbẹ sínú àpò, tàbí tí ẹ ń kó ìgbẹ́ adìẹ, ẹ lo ìbòmú.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà pneumococcus, bakitéríà tó máa ń fa òtútù àyà, tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fi kún ètò rẹ̀ ní ọdún 2014, ni a ń fún ọmọ nígbà tó bá pé ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Ó ń kọ́ ara láti ṣe purotéènì ajàrùn tó dá bakitéríà náà mọ̀ dájú.

Bí ọmọ bá ń wúkọ́, ẹ ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko nígbà tí kò sunkún. Bí ó bá tó 60 fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2, tàbí 50 fún ọmọ oṣù 2 sí 11, tàbí 40 fún ọmọ ọdún 1 sí 5, tàbí tí ìsàlẹ̀ àyà rẹ̀ ń wọnú bí ó ti ń mí, tàbí tí kò lè mu ọmú, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má ṣe dúró ti kápúsù àdàpọ̀ tí wọ́n ń tà lọ́jà, bí wọ́n bá sì fún un lóògùn nílé ìwòsàn, ẹ lò ó tán bí wọ́n ṣe sọ, kódà bí ikọ́ náà bá ti rọlẹ̀.