Bí Mo Ṣe Dá Ifá Lọ́dọ̀ Babaláwo Ilé-Ifẹ̀ Láti Mushin

Ilé-Ifẹ̀ ni Bàbá, babaláwo tó dá Ifá fún mi, wà, Mushin ni mo wà, orí fóònù la ti ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, orúkọ odù, ìyẹn àmì Ifá tó bá jáde, ni kó fọwọ́ pàtàkì mú jù. Ohun ẹbọ bí ẹyẹlé àti epo wà lọ́jà Èkó. Orúkọ odù ló ní láti rìn láti Ifẹ̀ wá láìyí padà lọ́nà.

Mo kọ́kọ́ pè láti gba ọjọ́. Ọ̀sẹ̀ Ifá ń bọ̀ ní ọrọọrún, ilé awo sì máa ń kún lọ́jọ́ yẹn, torí náà a fi àdéhùn sí ọjọ́ kejì rẹ̀, láàárọ̀. Mo fi orúkọ àbísọ mi àti ti ìyá mi ránṣẹ́, torí lágbájá ọmọ lámọrín ni awo fi ń peni níwájú Ifá. Ohùn ni mo fi sọ ọ́ lórí WhatsApp, n kò tẹ̀ ẹ́. Ọ̀pọ̀ wa kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹni tó ń kà á kò sì ní mọ̀ bóyá Ọlá ni tàbí Ọlà.

Owó àdìbò ló gba àròjinlẹ̀. Níwájú babaláwo, èèyàn á gbé owó sẹ́nu, á sọ ohun tó gbé e wá sí i kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, á sì gbé e lé òpẹ̀lẹ̀, ẹ̀wọ̀n tí awo fi ń dá Ifá. Awo kò ní gbọ́. Ifá ni yóò sọ ọ́. Owó tí a fi báńkì ránṣẹ́ kò ṣeé sọ̀rọ̀ sí. Bàbá ní kí n mú owó bébà kan dání ní Mushin, kí n sọ̀rọ̀ sí i, àwọn náà á mú owó kan níbẹ̀, wọn á dárúkọ mi sí i. N kò ná èyí tó wà lọ́wọ́ mi, inú ẹbọ ló padà wọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rojọ́ tán fún awo kí wọ́n tó dá a. Bí ẹ bá ti rò ó tán, báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ èyí tí Ifá sọ nínú ohun tí ẹ bá gbọ́?

Ìbò, ohun tí a fi ń bi Ifá léèrè bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, náà ń fẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn. Owó ẹyọ ni bẹ́ẹ̀ ni, eegun ni bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tó wá dáfá ló ń pa wọ́n mọ́ sọ́wọ́ méjèèjì. Ọmọ awo kan ló bá mi dì í mú. Ẹ bèèrè ṣáájú bóyá irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa wà nílé.

Mo ní kí wọ́n fi fídíò hàn mí bí òpẹ̀lẹ̀ ṣe balẹ̀. Èso mẹ́jọ ni, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì. Èyí tó bá ṣí jẹ́ àmì kan, èyí tó bá dé jẹ́ méjì, ẹsẹ̀ ọ̀tún la sì kọ́kọ́ ń kà. Ibẹ̀ ni mo ti ṣì í kà. Ọmọ awo tó mú fóònù jókòó kọjú sí Bàbá, ọ̀tún Bàbá wá di òsì lójú mi. Ọ̀yẹ̀kú Logbè ni mo kọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ Ogbè Ọ̀yẹ̀kú ló jáde. Nínú odù 256, méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, ẹsẹ Ifá wọn yàtọ̀, ẹbọ wọn yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí Bàbá fẹnu ara wọn pe orúkọ odù náà lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀. Kí wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ sórí ìyẹ̀rosùn, ìyẹ̀ orí ọpọ́n Ifá, kí a ya fọ́tò rẹ̀ láti ẹ̀yìn èjìká wọn.

Bàbá ka ohun ẹbọ fún mi níye níye: ẹyẹlé méjì, igo epo pupa kan, obì àbàtà mẹ́ta, ọtí, àti owó tí mo ti sọ̀rọ̀ sí. Bí awo kan bá ní kí ẹ kàn fi owó ẹbọ ránṣẹ́ láìka ohun tó wà nínú ẹbọ, ẹ dúró ná. Èkó ni Bàbá ní kí n ti rú u, lọ́dọ̀ awo kan tí wọ́n mọ̀ ní Mushin, torí ẹlẹ́bọ ló yẹ kó fi ẹbọ kan orí ara rẹ̀.

Ọjà Ojúwòyè ni mo ti ra gbogbo rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ níbi obì. Gbànja, aláwẹ́ méjì, kò ṣeé dà níbi ẹbọ. Àbàtà olójú mẹ́rin la ń wá: ẹ yí orí rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rí ìlà tínrín tí àwọn awẹ́ ti pàdé, ẹ kà á. Ihò tó kéré bí ojú abẹ́rẹ́ lára rẹ̀, kòkòrò ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Inú ewé tútù ni kó máa gbé títí di ọjọ́ ẹbọ, torí obì tó bá gbẹ kì í là dáadáa.

Awo Mushin gbọ́ ohùn Bàbá, wọ́n wo fọ́tò, wọ́n tẹ Ogbè Ọ̀yẹ̀kú sórí ọpọ́n, wọ́n sì kì í. Obì balẹ̀, méjì ṣí, méjì dé. Ẹbọ fín.

Oríta ni Ifá ní kí ẹbọ lọ. Ìdájí ni mo gbé e, kí bọ́ọ̀sì tó kún ojú ọ̀nà, mo sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́, níbi tí táyà kò ní tẹ̀ ẹ́, tí kò sì ní dí gọ́tà.