Sójà bọ́ aṣọ, ọkàn rẹ̀ ò tíì bọ́ ọ: àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀

Bí sójà bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, ojú ogun ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ máa ń wò. Ṣé wọ́n yìnbọn mọ́ ọn? Ṣé ẹnì kan kú lójú rẹ̀? Bí ó bá ní rárá, wọ́n á ní kí ló wá ń ṣe é. Lójú tèmi, kò sí àṣìṣe tí ó burú tó èyí, nítorí pé sójà náà fúnra rẹ̀ máa ń gbà á gbọ́. Ẹni tí ó lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí ọkọ̀ tàbí nílé ìdáná bárékè á máa sọ fún ara rẹ̀ pé òun ò lẹ́nu ọ̀rọ̀, nígbà tí àwọn kan ò tilẹ̀ padà wálé.

Ohun tí ó sọnù lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè má kan ìbọn rárá. Ní bárékè, ó mọ ọ̀gá rẹ̀, ó mọ àwọn tí òun náà jẹ́ ọ̀gá fún, ó mọ ìgbà tí òun yóò jí àti ẹni tí yóò gbé òun bí òun bá ṣubú. Ipò rẹ̀ wà léjìká rẹ̀ níbi tí gbogbo ojú ti ń rí i. Lọ́jọ́ tí ó bọ́ aṣọ, gbogbo rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wá di ẹni tó ń tò sórí ìlà láti wáṣẹ́, ọmọdé kan sì ń bi í pé kí ló mọ̀ ọ́n ṣe. Òfò gidi ni. Ẹni tí kò bá pè é ní òfò á máa bínú kiri láìmọ ohun tó ń bí i nínú. Nítorí náà, má ṣe fi ètò owó nìkan múra ìfẹ̀yìntì. Kí o tó kúrò ni kí o ti mọ àwọn tí ẹ ó jọ máa ríra, àti iṣẹ́ tí yóò mú ọ dìde láàárọ̀.

Nínú ilé ni àṣìṣe tó kàn ti máa ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí sójà ń bẹ lẹ́nu iṣẹ́, ilé kò dúró dè é. Ìyàwó tàbí ọkọ tí ó fi sílẹ̀ ti mọ bí wọ́n ṣe ń sanwó ilé ìwé àti bí wọ́n ṣe ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Sójà dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò ohun tí ó ti wà létò. Ọ̀rọ̀ kúkúrú, ohùn líle, kò sí àlàyé. Irú ohùn bẹ́ẹ̀ máa ń gba ẹ̀mí là níbi tí ọta ìbọn ti ń fò, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ torí abọ́ tí wọn ò fọ̀, jìnnìjìnnì ni yóò bo ọmọ. Béèrè kí o tó yí nǹkan padà. Ẹ̀yin ará ilé náà, ẹ má fipá gba ìtàn lẹ́nu rẹ̀. Ẹ má sì bi í bóyá ó pa èèyàn rí, kódà bí ẹ̀rín ni ẹ pè é.

Ìbéèrè yẹn lè kan ojú ọgbẹ́ mìíràn. Jonathan Shay, dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà tó tọ́jú àwọn tó ja ogun Vietnam, wà lára àwọn tó jẹ́ kí aráyé mọ̀ pé ìpalára ọkàn kan wà tí kì í ṣe ti ẹ̀rù. Ẹ̀bi ni: ohun tí èèyàn ṣe, ohun tí kò lè dá dúró, tàbí bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe já a kulẹ̀. Àwọn èèyàn á sáré tù ú nínú pé, “Àṣẹ ni wọ́n pa fún ọ, gbàgbé ẹ̀.” Ìtùnú oníkánjú bẹ́ẹ̀ máa ń pa á lẹ́nu dé. Ẹni tó fẹ́ ràn án lọ́wọ́ á jókòó, á gbọ́ ọ títí dé òpin.

Ní ti ìfura, ara tí wọ́n kọ́ láti máa ṣọ́ kì í sinmi lọ́jọ́ kan. Ó lè máa jókòó kí ẹ̀yìn rẹ̀ kan ògiri, kí ó máa ka ẹnu ọ̀nà, kí ó ta gìrì bí nǹkan bá já lulẹ̀. Má pè é ní wèrè. Ṣùgbọ́n má gba ọ̀nà kejì náà, ìyẹn yíyẹra fún gbogbo ibi tí èrò bá wà. Ìyẹra máa ń tu èèyàn lára lónìí, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń mú kí ẹ̀rù náà máa dàgbà. Ìdí nìyẹn tí ìtọ́jú kan tó gbéṣẹ́ fún PTSD, ìyẹn àìsàn ọkàn tí ìṣẹ̀lẹ̀ tó bani lẹ́rù máa ń dá sílẹ̀, fi jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń mú èèyàn padà sún mọ́ ohun tó ń sá fún, pẹ̀lú amọṣẹ́dunjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àṣejù òde òní. Lọ́dún 1915 ni Charles Myers, dókítà ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet nípa àwọn sójà tí ọkàn wọn dàrú lójú ogun, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọ̀gá ológun ń pè wọ́n ní ojo. Ọdún 1980 ni PTSD tó wọ ìwé atọ́nà àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà. Má sì rò pé nǹkan tó ti pẹ́ kò lè padà wá: nínú àwọn kan, àmì rẹ̀ kì í pé títí oṣù mẹ́fà á fi kọjá lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà, ó tilẹ̀ lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọtí ńkọ́? Ó máa ń tètè mú oorun wá, á sì dà á rú ní apá kejì òru. Oògùn amárarọ irú Valium náà kò sàn jù bẹ́ẹ̀. Ìlànà ìtọ́jú tí àjọ tó ń rí sí àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì ní Amẹ́ríkà ń lò sọ pé kí wọ́n má fi tọ́jú PTSD. Bí ẹnì kan bá ti ń lò ó, kó má dá a dúró lójijì, dókítà ni kó bá a dín in kù.

Èyí tí ó yẹ ká sọ láìfọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ ni pípa ara ẹni. Ìwádìí lórí àwọn ológun Amẹ́ríkà fi hàn pé ewu rẹ̀ ga ní ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì. Àṣìṣe tí ilé máa ń ṣe ni dídákẹ́, nítorí ẹ̀rù pé ìbéèrè lè fi èrò náà sí i lọ́kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bi í ní tààràtà. Bí ìbọn bá wà nílé, kí ẹlòmíràn tọ́jú rẹ̀ síbòmíràn lásìkò náà. Sójà tó ti fẹ̀yìn tì tó bá wà ní Amẹ́ríkà lè pe 988, nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì fún irú ọ̀rọ̀ yìí, kó sì tẹ 1.

Ẹni tí bọ́ǹbù ti bú nítòsí rẹ̀ rí gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà, bí kò tilẹ̀ fara gbọgbẹ́. Ọpọlọ tó mì máa ń fa ìgbàgbé, ẹ̀fọ́rí àti ìbínú, wọ́n sì máa ń rò pé PTSD nìkan ni.

Ìtọ́jú fúnra rẹ̀ ní àṣìṣe tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ á lọ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, ọ̀rọ̀ náà á ru sókè lọ́kàn wọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n á sì ní kò ṣiṣẹ́. Ọ̀kan lára àwọn ìtọ́jú tó gbajúmọ̀ jù máa ń gba ìjókòó 12. Bí olùtọ́jú náà kò bá bá ọ lára mu, wá ẹlòmíràn kí o tó fi èyí tó wà lọ́wọ́ sílẹ̀.