Bí Mo Ṣe Rẹ Ọkọ̀ Mi Sílẹ̀ Lẹ́yìn Tí Wọ́n Ti Gé Sípíríǹgì Rẹ̀

Ẹni tí ó bá rí BMW mi onílẹ̀kùn méjì, irú èyí tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ń pè ní E46, kò lè mọ̀ pé owó tí ó bá a lọ kí ó tó rẹlẹ̀ bí ó ti yẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì ohun tí mo ní lọ́kàn. Iṣẹ́ náà gan-an kọ́ ni ó wọ́n, àtúnṣe ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bà jẹ́ ni. Mo gbé ọkọ̀ náà lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì kan ní Adó-Èkìtì, mo sì ṣàlàyé pé mo fẹ́ kí ó sún mọ́ ilẹ̀ díẹ̀, kí ó lè máa di ọ̀nà mú ní kọ́nà. Wọ́n gbowó tán, wọ́n fi ẹ̀rọ ìgérin gé sípíríǹgì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìbi mí léèrè. Lóòótọ́ ni ọkọ̀ náà rẹlẹ̀, ṣùgbọ́n láti Ajílósùn títí dé Ìkẹ́rẹ́ ni ó ń ta pọ́ún pọ́ún bí ọ̀pọ̀lọ́.

Sípíríǹgì tí a bá gé máa ń le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé òrùka irin tí ó yẹ kí ó máa rọ̀ lábẹ́ ìwúwo ọkọ̀ ti dín kù. Ojú ibi tí wọ́n gé náà kì í sì í jókòó dáadáa sínú àwo rẹ̀ mọ́, ìdí nìyẹn tí tèmi fi ń dún gbàgà ní gbogbo ìgbà tí mo bá yí ọwọ́ ọkọ̀. Kò pẹ́ tí ṣọ́ọ̀kì iwájú méjèèjì fi ń jo epo. Nígbà tí mo padà lọ fẹjọ́ sùn, ọ̀gá wọn ní ọ̀nà Èkìtì ni kò dára, kí n mú owó ṣọ́ọ̀kì wá. Mo dúpẹ́, mo gbé ọkọ̀ mi, mo pinnu pé èmi fúnra mi ni n ó ṣe é.

Àbúrò mi tí ó wà ní Jámánì bá mi ra sípíríǹgì ilé iṣẹ́ Eibach tí ó ń rẹ ọkọ̀ sílẹ̀ ní mìlímítà 30, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì tuntun kún un. Ti ẹ̀yìn kò gba àlàyé, torí pé sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ níbẹ̀: bí a bá ti tú bóòtì ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì, tí a sì tẹ apá irin náà wálẹ̀, sípíríǹgì yóò jáde. Ti iwájú lápá òsì náà kò bá mi jà.

Apá ọ̀tún ni ó fojú mi rí nǹkan. Ẹsẹ̀ ṣọ́ọ̀kì iwájú nínú E46 máa ń wọ inú ihò nọ́kù, ìyẹn irin ńlá tí ó gbé họ́ọ̀bù táyà dání, bóòtì kan ṣoṣo ni ó sì ń fún ètè ihò náà pọ̀ mọ́ ọn. Kánádà ni ọkọ̀ mi ti rìn kí ó tó di tòkunbọ̀. Wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì níbẹ̀ ní àkókò yìnyín, iyọ̀ yìí sì ti mú kí ìpẹtà lẹ irin méjèèjì pọ̀. Bóòtì yọ, ẹsẹ̀ ṣọ́ọ̀kì kò yọ.

Mo fọ́n WD-40, ìyẹn epo tí a fi ń tú irin tí ó ti dípẹtà, sí i, mo fi òòlù lu ẹ̀gbẹ́ nọ́kù, mo fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò mì. Epo tí ó ti pọ́n nítorí ìpẹtà ń kán sórí símẹ́ńtì, ṣùgbọ́n ètè ihò náà kò là tó mìlímítà kan. Ṣísẹ́ẹ̀lì tí mo fi há a lẹ́nu tẹ̀. Wẹ́dà tí ó wà ní ìdojúkọ ilé wa wá wò ó, ó ní, “Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n dáná sí i, wéré ni yóò tú.” Mo ní, “Rárá o, ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun.” Afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún mọ́nú àti epo ni ó wà nínú ṣọ́ọ̀kì bẹ́ẹ̀, bí iná bá sì mú un, ó lè bú gbàmù lójú ẹni. Béárìn họ́ọ̀bù àti wáyà bíréèkì tí ó wà nítòsí kò ní bọ́ lọ́wọ́ ooru náà pẹ̀lú. Inú bí mi dé ibi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iná náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá kan tí ó ń ṣe panẹ́ẹ̀lì ni ó gbà mí. Wọ́n mú àjákù sípíríǹgì pẹlẹbẹ ti ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n lọ ẹnu rẹ̀ títí ó fi tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ní kí n fi há ètè ihò náà, kí n sì máa gbá a díẹ̀díẹ̀. Irin yẹn kì í tẹ̀. Bàbá kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ gbá a ju bó ti yẹ lọ, torí bí ètè nọ́kù bá sán, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Ládípọ̀, Muṣin, l'Ékòó ni n ó ti lọ wá òmíràn. Mo tún da epo sí i, mo fi sílẹ̀ sùn. Nígbà tí ó yá, bí mo ṣe ń gbá nọ́kù wálẹ̀ kàn, kàn, kàn, ó fa ara rẹ̀ kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì pariwo débi pé àwọn ará ilé sáré jáde.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ lórí ọkọ̀ tí ó ti ilẹ̀ yìnyín wá, kí ó ti máa da epo sí ètè nọ́kù ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Kí ó so bíréèkì rọ̀ mọ́ nǹkan kan, kí rọ́bà epo bíréèkì má baà gbé ìwúwo. Irinṣẹ́ tí a fi ń fún sípíríǹgì pọ̀ kì í ṣe ohun tí a ń fi okùn pààrọ̀, nítorí pé sípíríǹgì tí ó bá já lè pa ènìyàn. Bóòtì tí ó bá gba inú rọ́bà kọjá, ìgbà tí ọkọ̀ bá ti dúró lórí táyà rẹ̀ ni kí ó tó fún un gírígírí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ rọ́bà náà yóò máa lọ́, yóò sì tètè ya.

Mo wà á gba Aramọkọ àti Ìtawúrè dé Ẹ̀fọ̀n Aláayè, gbogbo kọ́nà òkè ibẹ̀ ni ó gbà láìmì, inú mi sì dùn gan-an. Kí n tó lọ ni mo ti ṣe aláìnmẹ́ǹtì, ìyẹn títo táyà kí wọ́n dúró bí ó ti yẹ, torí pé ọkọ̀ tí ó bá rẹlẹ̀ máa ń tẹ orí táyà wọnú, inú táyà níhà ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ jẹ. Bọ́ǹpù àdúgbò wa nìkan ni ó kù tí ń ha sàlẹ́ńsà mi. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí ó ga tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé báyìí, kò sì sí ẹni tí ó gbà pé òun ni ó mọ ọ́n.