Mo ra gémù ọkọ̀ ojú irin, àmọ́ kì í ṣe èyí tí mo ń wá ni mo kọ́kọ́ rà

Elephant & Castle ni mo ti máa ń wọ Bakerloo, ọ̀kan lára àwọn ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ London, láàárọ̀, Harrow & Wealdstone ni mo ti ń sọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni o, ibùdókọ̀ 25. Ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí kí n mọ ohun tí awakọ̀ ń rí níwájú, torí pé àwa èrò, tá a bá ti wà lábẹ́ ilẹ̀, ògiri dúdú nìkan la ń wò. Ọmọ Òṣogbo sì ni mí, ìlú tí rélùwéè ti wọ̀ láti 1907; fèrè ọkọ̀ ojú irin ti wà létí mi kí n tó mọ ABD. Nígbà tí mo gbọ́ pé gémù kan wà téèyàn ti lè wa Bakerloo gan-an, mo ní owó oṣù yìí ló máa san án.

Orúkọ ló kó mi ṣìnà. Gémù méjì ni Dovetail Games ń tà tí orúkọ wọn jọra bí ìbejì: Train Simulator Classic àti Train Sim World. Classic ni ẹ̀gbọ́n. Ara Rail Simulator tó jáde ní 2007 ni wọ́n ti ń tún un ṣe bọ̀, tí wọ́n ń yí orúkọ ẹ̀ padà ṣáá, kí wọ́n tó wá sọ ọ́ ní Classic ní 2022. World ni àbúrò, òun ló máa jẹ́ kéèyàn dìde lórí àga awakọ̀, kó rìn gba inú ọkọ̀ já, kó ṣílẹ̀kùn fúnra ẹ̀. Ojú irin tí wọ́n bá sì ṣe fún ọ̀kan kì í wọnú èkejì.

Èmi ò bi ẹnikẹ́ni. Mo rí Classic lórí Steam, ọjà gémù orí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti já owó ẹ̀ wálẹ̀, mo sanwó. Ó ṣí lórí láptọ́ọ̀pù mi àtijọ́ láìjanpata, mo sì wa ọkọ̀ fún wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú kí n tó rántí lọ wá Bakerloo mi. Ojú ewé ẹ̀ kọ ọ́ gàdàgbà pé Train Sim World ló ń bá lọ. Ohun tó yọ mí ni pé Steam máa ń dá owó padà tí gémù náà ò bá tíì pé ọjọ́ 14 lọ́wọ́ ẹ, tó ò sì tíì lò ó tó wákàtí méjì. Ká ní mo tún wa ọkọ̀ kan sí i lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni, ó ti bọ́.

Mi ò sọ pé Classic ò da o. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ ara ẹ̀ tẹ́ irin, tó fẹ́ máa dá iṣẹ́ sílẹ̀ fáwọn ọkọ̀, ibẹ̀ ni kó lọ. Bí kọ̀ǹpútà yín bá sì ti ń mí gule bíi tèmi, ẹ̀gbọ́n ló gbà yín. Ẹ ṣáà má sọ pé gbogbo àfikún ẹ̀, àwọn ojú irin àti ọkọ̀ tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀, lẹ máa kó jọ: ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn ni!

Ó wá ku nọ́ńbà. World 2 jáde ní 2020, 3 ní 2022, 4 ní 2023, 5 ní 2024. Inú 2 ni Bakerloo ti kọ́kọ́ jáde, ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ padà lọ síbẹ̀, àfi ìgbà tí mo rí i pé ojú irin yẹn ń bá àwọn tuntun náà ṣiṣẹ́. Mo mú 5, òun ló gbẹ̀yìn nígbà tí mo fẹ́ rà á. Ojú irin tó lọ láti Euston ní London sí ìlú Milton Keynes wà nínú ẹ̀ láìfowó kún un, ọ̀nà yẹn sì gba Harrow & Wealdstone kọjá! Láti Queen's Park lọ sókè, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni Bakerloo ń bá rìn. Àwọn ọkọ̀ tó máa ń fẹ́ atẹ́gùn sí mi lára nírọ̀lẹ́ bí mo ṣe ń dúró, mo wá lè wà wọ́n fúnra mi.

Láptọ́ọ̀pù mi ò lè gbé World, kò ní káàdì àwòrán. PlayStation ọmọ mi ló kù. Ohun tẹ́ ẹ bá sì rà lórí PlayStation, ibẹ̀ ló máa wà, kò ní bá yín lọ sórí kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ iwájú, nítorí náà mo rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Èmi àti ọmọ náà jọ dúnàádúrà: tó bá ti gbá bọ́ọ̀lù ẹ̀ tán, ó di tèmi.

Alẹ́ àkọ́kọ́, mo gbéra ní Elephant & Castle. Kóòṣì méje ló wà lẹ́yìn mi, irú ọkọ̀ Bakerloo tí wọ́n ń pè ní 1972 Stock, ọkọ̀ tó dàgbà jù mí lọ. Iná Lambeth North yọ níwájú, mo ń wò ó bí ọmọ tó rí àtùpà, mi ò rántí bíréèkì. Nígbà tí mo fi máa tẹ̀ ẹ́, kóòṣì iwájú ti wọnú ihò lọ pátápátá. Ọmọ mi, tí Yorùbá kì í jáde lẹ́nu ẹ̀ àfi tó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ní, “Dádì, ṣé inú òkùnkùn yẹn làwọn èrò máa ti sọ̀?”

Mo ní kó lọ sùn.