Bí Ìdílé Ṣe Lè Yan Yàrá Nínú Ọkọ̀ Ìgbafẹ́ Ojú Òkun

Ìdílé tí ó bá gbéra láti Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣágámù láti lọ wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ ojú òkun ní Barcelona, Southampton tàbí Miami ti ná owó físà àti owó ọkọ̀ òfurufú kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà yàrá tí yóò sùn. Síbẹ̀, yàrá yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fara balẹ̀ yàn. Wọ́n á wo àwòrán rẹ̀, wọ́n á wo iye tí wọ́n kọ sí i, wọ́n á sì ní kí ejẹ́ǹtì mú èyí tí ó bá rí. Lójú tèmi, ohun méjì ni ó yẹ kí ó ṣáájú: ibi tí olúkúlùkù yóò fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sí lóru, àti ibi tí yàrá náà wà nínú ọkọ̀. Fèrèsé àti bákónì lè tẹ̀lé e.

Ẹ ka orí, kí ẹ sì ka bẹ́ẹ̀dì

Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ń lọ sílẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ orí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ mọ̀ nípa oorun rẹ̀: ẹni tí ń hanrun, ẹni tí ń dìde tọ̀ lóru, ọmọ tí kì í sùn bí iná bá wà ní títàn, ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn. Ènìyàn méjì ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ yàrá inú ọkọ̀ fún. Nígbà tí wọ́n bá sọ pé yàrá kan gba ènìyàn mẹ́rin, ohun tí wọ́n sábà ní lọ́kàn ni pé bẹ́ẹ̀dì ńlá kan wà tí a lè pín sí méjì, pé àga gígùn kan wà tí a ń tẹ́ di bẹ́ẹ̀dì, àti pé bẹ́ẹ̀dì kan tàbí méjì wà tí a ká mọ́ ògiri tàbí òkè àjà, èyí tí òṣìṣẹ́ tí ń tọ́jú yàrá yóò fà wálẹ̀ ní alẹ́ tí yóò sì gbé àkàsọ̀ kékeré tì í. Bẹ́ẹ̀dì òkè yìí máa ń dùn mọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nínú. N kò jẹ́ gbé ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà sí i, n kò sì jẹ́ ní kí ìyá àgbà gun àkàsọ̀ ní òru nígbà tí ọkọ̀ ń mì.

Ẹ má ṣe fi ọmọ ọwọ́ sílẹ̀ nínú ìṣirò, nítorí pé orí kan ni ọkọ̀ kà á sí bí ó tilẹ̀ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ńlá kì í sábà gba ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, wọ́n sì máa ń béèrè oṣù méjìlá bí ọkọ̀ náà yóò bá la òkun ńlá kọjá, níbi tí yóò ti pẹ́ kí ó tó tún rí èbúté. Wọ́n máa ń ní bẹ́ẹ̀dì ọmọ ọwọ́ tí a lè ká, wọn kì í sì í gba owó lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tètè béèrè ni ó ń rí i.

Ẹ wọn yàrá náà nílé kí ẹ tó sanwó

Yàrá tí kò ní fèrèsé, tí ó wà ní àárín inú ọkọ̀, kì í sábà ju ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 150 sí 180 lọ. Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12 tí àwọn bíríkìlà ń kọ́ fún wa nílé jẹ́ 144. Ní ti ọkọ̀, ilé ìwẹ̀, ilé ìyàgbẹ́, kọ́bọ́ọ̀dù àti tábìlì kékeré wà nínú 150 yẹn. Ẹ mú ṣọ́ọ̀kì, kí ẹ fa ìlà rẹ̀ sí ilẹ̀ pálọ̀, kí ẹ ya ibi tí ilé ìwẹ̀ wà sọ́tọ̀, kí ẹ tẹ́ ẹní sí ibi tí bẹ́ẹ̀dì yóò wà, kí ẹ sì pe àwọn ọmọ kí wọ́n wá dúró sínú rẹ̀ pẹ̀lú àpótí aṣọ wọn. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni yóò gbà, yóò sì yanjú ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn láàárín ọkọ àti aya.

Àpótí kì í ṣe ìṣòro tí ó le, nítorí pé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì sábà máa ń gbà á bí a bá ti kó ohun inú rẹ̀ jáde. Aṣọ ni ìṣòro. Kọ́bọ́ọ̀dù inú yàrá ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ọkọ̀ kì í sì í gbà kí ènìyàn mú áyọ́ọ̀nù tàbí kẹ́tùlù wá láti ilé, nítorí ìbẹ̀rù iná. Ẹgbẹ́ régbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí ó bá fẹ́ wọ aṣọ ẹgbẹ́ ní alẹ́ tí gbogbo èrò ọkọ̀ ń múra gbọ́dọ̀ mọ̀ pé agbádá mẹ́rin pẹ̀lú gèlè mẹ́rin kò lè gba inú yàrá kan ṣoṣo láìrún, àti pé owó ni wọn yóò fi bá wọn lọ̀ ọ́ nínú ọkọ̀.

Ẹ pinnu irú yàrá tí ẹ ń fẹ́

Mẹ́rin ni irú rẹ̀ tí ó wọ́pọ̀: yàrá inú tí kò ní fèrèsé, yàrá olójú fèrèsé, yàrá oní-bákónì, àti sùwíìtì, ìyẹn yàrá ńlá olówó gọbọi. Sùwíìtì kò nílò àlàyé púpọ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ bá ká a, kí ó gbà á.

Yàrá inú ni ó dínwó jù lọ, òkùnkùn rẹ̀ sì pọ̀ ju èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rí rí. Bí a bá pa iná, ènìyàn kò ní rí ọwọ́ ara rẹ̀. Ọmọdé máa ń sùn dáadáa níbẹ̀. Àmọ́ màmá tí ó ti mọ́ lára láti dìde kírun nígbà tí àkùkọ bá kọ ní Ìsarà kò ní rí ohunkóhun tí yóò sọ fún un pé ilẹ̀ ń mọ́; aago rẹ̀ nìkan ni yóò gbẹ́kẹ̀ lé, àwọn awakọ̀ sì máa ń sún aago síwájú tàbí sẹ́yìn bí ọkọ̀ bá ti ń wọ agbègbè mìíràn. Ẹ fún irú màmá bẹ́ẹ̀ ní yàrá olójú fèrèsé bí agbára bá gbé e. Fèrèsé yìí kì í ṣí, ìmọ́lẹ̀ nìkan ni ó ń mú wọlé.

Bákónì ni gbogbo ènìyàn ń fẹ́, èmi náà kò sì kórìíra rẹ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń sùn ní aago méjì ọ̀sán lè jókòó síbẹ̀ kí ó máa wo òkun láìjìnnà sí ọmọ. Bí ọmọ náà bá ti lè rìn, ẹ béèrè bóyá kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà bákónì wà lókè níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè dé, kí ẹ má sì ṣe fi àga sí ẹ̀gbẹ́ irin ìdábùú rẹ̀ láéláé. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú, nítorí pé kì í ṣe gbogbo bákónì ni ó kọjú sí òkun. Nínú ọkọ̀ Oasis of the Seas, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2009, àwọn bákónì kan wà tí wọ́n kọjú sí ọgbà òdòdó tí ó wà ní àárín ọkọ̀. Àwọn fèrèsé àti bákónì mìíràn wà tí ọkọ̀ kékeré ìdóòlà dí ojú wọn. Owó wọn dínkù, wọn kò sì burú, bí ẹni tí ń sanwó bá ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Yàrá kan ni tàbí méjì?

Ibí yìí ni ó yẹ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí a wo bàbá, ìyá, ọmọ mẹ́ta àti ìyá àgbà: ènìyàn mẹ́fà. Yàrá tí ó gba ènìyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà kò pọ̀ nínú ọkọ̀ kankan, ó tètè ń tán, owó rẹ̀ sì máa ń ga. Nígbà púpọ̀, yàrá inú méjì tí ilẹ̀kùn wà láàárín wọn kì í wọ́n tó yàrá ńlá kan ṣoṣo, ó sì ń fún ìdílé ní ilé ìwẹ̀ méjì. Ẹni tí ó bá ti tò sí ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta ní òwúrọ̀ ọjọ́ ilé-ìwé mọ iyì ilé ìwẹ̀ kejì. Nínú ọ̀pọ̀ yàrá ọkọ̀ Disney Cruise Line, wọ́n tilẹ̀ pín ilé ìwẹ̀ yàrá kan ṣoṣo sí méjì, tí ẹnì kan fi lè máa wẹ̀ nígbà tí ẹlòmíràn wà ní ilé ìyàgbẹ́. Ìdílé tí kò lè san owó yàrá méjì lè wá irú èyí.

Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yìí yékéyéké. Yàrá méjì lè fi ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀gbẹ́ kí ilẹ̀kùn kankan má sì sí láàárín wọn, débi pé ẹ ó ní láti jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Nínú àwòrán àjà ọkọ̀, ìyẹn àwòrán bí yàrá ṣe tò ní ìpele kọ̀ọ̀kan nínú ọkọ̀, tí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àmì kékeré ni wọ́n fi ń tọ́ka sí yàrá tí ilẹ̀kùn wà láàárín wọn. Bí ẹ kò bá nílò irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀, ẹ sá fún yàrá tí ó ní in, nítorí pé ariwo àjèjì tí ó wà ní òdìkejì yóò máa gba ibẹ̀ wọlé.

Ìwé tún wà láti ṣe. Àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ máa ń fẹ́ kí orúkọ àgbàlagbà kan wà lórí yàrá kọ̀ọ̀kan. Fún ọkọ̀ tí ó ń gbéra láti Amẹ́ríkà, ẹni ọdún 21 ni wọ́n sábà ń béèrè. Nítorí náà, ẹ lè kọ bàbá mọ́ ọmọ méjì nínú yàrá kan, kí ẹ kọ ìyá àti ìyá àgbà mọ́ ọmọ kẹta nínú èkejì, kí ẹ sì pààrọ̀ ibùsùn bí ẹ ti fẹ́ nígbà tí ẹ bá débẹ̀. Kí orúkọ inú ìwé náà bá ti pásípọ́ọ̀tù mu láìku lẹ́tà kan.

Ẹ wo ibi tí yàrá wà

Ọkọ̀ a máa mì ní imú àti ní ìdí ju bí ó ti ń mì ní àárín lọ, ó sì ń mì lókè ju ìsàlẹ̀ lọ. Ẹni tí èébì máa ń gbé nínú mọ́tò láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Bẹ́nì kò gbọdọ̀ lọ gba yàrá imú ọkọ̀ ní àjà òkè pátápátá, bí ó ti wù kí bákónì ibẹ̀ lẹ́wà tó. Àárín ọkọ̀, ní àjà ìsàlẹ̀, ni ibi tí ó fara rọ jù. Àwọn ará Ìjẹ̀bú etí omi tí ọkọ̀ ojú ọ̀sà ti mọ́ lára lè rẹ́rìn-ín sí èyí, àmọ́ ìgbì òkun ga ju ti ọ̀sà lọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ohun tí ó wà lórí yàrá náà àti ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, nítorí òkè àti ìsàlẹ̀ ni ariwo ti ń wá jù. Bí ibi ìlúwẹ̀ẹ́ bá wà lókè yín, wọn yóò máa fa àga gbuuru lórí yín kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ilé ìjó tàbí gbọ̀ngàn eré bá wà lábẹ́ yín, ìlù yóò máa lù dé ọ̀gànjọ́. Ní imú ọkọ̀, ìró ṣéènì ìdákọ̀ró lè jí òkú. Ní ìdí, ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n. Yàrá tí yàrá mìíràn wà lókè rẹ̀ àti nísàlẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ wá. Ẹ ṣí àwòrán àjà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ fi ìka tọ nọ́ńbà yàrá yín láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì.

Ní ti lífítì, kí ẹ súnmọ́ ọn, ṣùgbọ́n kí ẹ má kọjú sí i. Icon of the Seas, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Miami ní oṣù kìíní ọdún 2024, ní àjà 20, ó sì gùn tó nǹkan bí mítà 365. Ẹ fojú inú wo ìyá àgbà tí ń fẹsẹ̀ rìn láti ìdí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé oúnjẹ ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́.

Ẹ ṣe ìṣirò owó, kí ẹ sì tètè gbà á

Iye tí wọ́n ń kọ síta jẹ́ ti ẹnì kan, bí ènìyàn méjì bá wà nínú yàrá. Ẹni kẹta àti ẹni kẹrin sábà máa ń san iye tí ó kéré sí i. Ẹ fi owó èbúté kún un, kí ẹ fi owó ọpẹ́ òṣìṣẹ́ kún un, èyí tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń gbà lórí orí kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́, kí ẹ tó fi yàrá kan wé èkejì. Ìjẹ̀bú kì í fi owó ṣeré, ẹ má jẹ́ kí iye àkọ́kọ́ tí ẹ rí tàn yín.

Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń ta yàrá ní owó pọ́ọ́kú fún ẹni tí ó bá gbà kí àwọn fúnra wọn yan nọ́ńbà fún un. Ó dára fún tọkọtaya tí kò ní ọmọ lẹ́yìn. Fún ìdílé, n kò gbà á nímọ̀ràn, nítorí pé wọ́n lè fi yàrá yín kejì sí àjà mìíràn pátápátá.

Ìdí tí ó fi yẹ kí ìdílé tètè gbà á kọjá ọ̀rọ̀ owó. Iye èrò tí ọkọ̀ ìdóòlà agbègbè kọ̀ọ̀kan lè gbà ní òpin. Bí ó bá ti pé, ilé-iṣẹ́ kò ní ta yàrá ẹlẹ́ni mẹ́rin fún ènìyàn mẹ́rin mọ́, bí yàrá náà tilẹ̀ ṣófo. Ẹ san àsansílẹ̀ tí a lè gbà padà, kí ẹ wá físà. Owó tó kù sábà máa ń di sísan ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta ṣáájú ìrìnàjò, nítorí náà físà ni kí ó kọ́kọ́ jáde.

Nígbà tí ẹ bá wọ yàrá

Kí ẹ tó tú ẹrù, ẹ ní kí òṣìṣẹ́ yàrá ṣí ilẹ̀kùn àárín, kí ó fa bẹ́ẹ̀dì òkè wálẹ̀ kí ẹ rí i. Ẹ béèrè ibi tí ẹ̀wù ìdóòlà wà, kí ẹ sì rí i pé ti ọmọdé wà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Láti ọdún 2015, lẹ́yìn ìjàǹbá ọkọ̀ ìgbafẹ́ Costa Concordia ti ọdún 2012, òfin àgbáyé ti sọ ọ́ di dandan pé kí wọ́n kọ́ èrò ní ètò ìdóòlà kí ọkọ̀ tó ṣí tàbí gẹ́rẹ́ tí ó bá ṣí; kí gbogbo ìdílé jọ lọ, kí àwọn ọmọ mọ ibi tí wọn yóò sá lọ. Bí yàrá kò bá rí bí ẹ ti sanwó fún un, kí ẹnì kan lọ sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ tí ń gbàlejò lójú ẹsẹ̀, nítorí pé bí ọkọ̀ bá ti fi èbúté sílẹ̀, yàrá tí ó ṣófo kì í sábà sí mọ́.