Bí ọ̀rẹ́ mi aláró ṣe kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí fún mi

Ẹni tó bá ti kọ fọ́ọ̀mù JAMB rí mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń bi èèyàn níbẹ̀ pé irú ọmọ wo ni ọ́. Máàkì ni wọ́n ń wò. Ìgbà tí mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ fọ́ọ̀mù Dartmouth, ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní ìlú Hanover, ìpínlẹ̀ New Hampshire ní Amẹ́ríkà, mo rí i pé ọ̀tọ̀ ni tiwọn. Wọ́n fẹ́ lẹ́tà olùkọ́ méjì, wọ́n fẹ́ ti olùdámọ̀ràn ilé-ìwé, wọ́n tún wá ní kí n wá ẹgbẹ́ mi kan tí yóò kọ̀wé nípa mi. Ó lè jẹ́ ọ̀rẹ́, ó lè jẹ́ ẹni tí a jọ ń gbá bọ́ọ̀lù, kódà ó lè jẹ́ ìbátan. Wọn ò sọ ọ́ di ọ̀ranyàn, àmọ́ wọ́n rọ èèyàn gan-an pé kó má fò ó. Davidson tó wà ní North Carolina náà máa ń gba irú lẹ́tà yìí. Ti àwọn olùkọ́ ò yọ mí lẹ́nu: mo lọ bá tíṣà físíìsì àti tíṣà Gẹ̀ẹ́sì mi, wọ́n gbà, ó parí. Ti ọ̀rẹ́ yìí ló fẹ́ àròjinlẹ̀.

Dádì Òkè-Fíà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló kọ́kọ́ gbọ́ sí i. Wọ́n ní àwọn mọ ọ̀nọ́rébù kan tó máa kọ ọ́ sórí ìwé tó ní àmì ìjọba, tó tún máa lu òǹtẹ̀ sí i.

"Ẹ ṣeun sà. Ṣùgbọ́n ọ̀nọ́rébù yẹn ò mọ̀ mí rí, Dádì."

"Ó dìgbà tó bá mọ̀ ẹ́ kó tó kọ ọ́ ni?"

Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́, mo bá tèmi lọ. Mi ò bá wọn jiyàn, torí bí nǹkan ṣe ń lọ nílùú wa nìyẹn, ẹni ńlá ló ń jẹ́rìí síni. Àmọ́ ẹni tó jókòó sí Hanover, tí fọ́ọ̀mù ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ wà níwájú rẹ̀, kí ni òǹtẹ̀ ọ̀nọ́rébù fẹ́ sọ fún un nípa mi?

Ẹni tó wá sí mi lọ́kàn ni ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ iṣẹ́ aró lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. A jọ jáde ilé-ìwé girama ni. Èmi ń wá yunifásítì kiri, òun ní òun ò kúrò nídìí adìrẹ. Àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì wọn dá ṣáká ju tirẹ̀ lọ pọ̀ ní kíláàsì wa, ṣùgbọ́n kí ni wọ́n mọ̀ nípa mi ju pé mo máa ń yege nínú ìṣirò? Tíṣà á kúkú sọ ìyẹn. Èmi àti aláró yìí la jọ da owó pọ̀ ra jẹnẹrétọ̀ kékeré, irú èyí tí gbogbo ayé ń pè ní I-pass-my-neighbour, tí a fi ń ṣáàjì fóònù fún àwọn ará àdúgbò tí iná bá lọ. Ó ti rí mi nígbà tí inú ń bí mi. Ó ti rí mi nígbà tí owó epo ò pé. Ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹnì kan ṣèèṣì gbé fóònù bàbá oníbàárà wa kan lọ, tí a fẹsẹ̀ rìn wá a láàárín òru. Tíṣà kankan ò sí níbẹ̀.

Mi ò fi WhatsApp bẹ̀ ẹ́. Mo lọ bá a nídìí ìkòkò aró. Ó ń fa aṣọ jáde lọ́wọ́. Aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ìkòkò máa ń rí bí ewé kọ́kọ́, ìgbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i ló tó di aró. Ó na aṣọ náà sórí okùn, ó wá wò mí.

"Èmi? Kí n kọ̀wé sí òyìnbó nípa ẹ? Ṣé orí ẹ pé báyìí?"

"Orí mi pé."

"Wọn ò ní bi mí ní satífíkéètì?"

Mo ní rárá, bí a ṣe mọ ara wa àti ìgbà tá a ti mọ ara wa ni wọ́n máa bi í. Mo tún sọ fún un pé tí kò bá ráyè, kò sí ìjà. Ó ní kí n jẹ́ kí òun rò ó wò. Inú mi dùn sí ìyẹn ju kó gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ lọ, torí lẹ́tà tí wọ́n fi ipá gbà lọ́wọ́ èèyàn kì í níyọ̀.

Nígbà tó padà gbà, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé kí n kọ ọ́ wá, òun á fi orúkọ sí i. Ẹ ò ní dá a lẹ́bi; àwọn ọ̀gá ńlá gan-an máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tó bá wá gba rẹfirẹ́ǹsì. Mo kọ̀. Yàtọ̀ sí pé irọ́ ni, àròkọ tèmi fúnra mi wà nínú fọ́ọ̀mù kan náà. Ẹni tó bá ka méjèèjì tẹ̀ léra á mọ̀ pé ọwọ́ kan ló kọ wọ́n. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tá a ti mọ ara wa, kó mú ohun kan tàbí méjì tó fojú ara rẹ̀ rí, kó sọ ọ́ bó ṣe máa sọ ọ́ tá a bá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù. Ojú ìwé kan ti tó. Mo wá bẹ̀ ẹ́ pé kó má kọ pé onírẹ̀lẹ̀ ni mí, pé mo bẹ̀rù Ọlọ́run, pé mo máa ń ṣiṣẹ́ kára. Irú ọ̀rọ̀ yẹn ló kún inú lẹ́tà gbogbo ènìyàn, kò sì yà mí sọ́tọ̀ lára ẹnikẹ́ni.

"Ṣé kí n sọ pé ahun ni ẹ́?"

"Tó bá jẹ́ òótọ́, sọ ọ́."

Ó kù kí n pè é lórí Common App, ìkànnì tí èèyàn ti ń kọ fọ́ọ̀mù sí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga lẹ́ẹ̀kan náà. Kí wọ́n tó jẹ́ kí o pe ẹnikẹ́ni, wàá kọ́kọ́ dáhùn ọ̀rọ̀ FERPA. Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1974 ni. Ó fún akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti wo àkọsílẹ̀ nípa ara rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti wọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ náà, lẹ́tà ìjẹ́rìí sì lè wà lára rẹ̀. Wọ́n á bi ọ́ bóyá o yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ yẹn lórí lẹ́tà. Mo yọ̀ǹda rẹ̀, mo sì rò pé ohun tó yẹ kéèyàn ṣe nìyẹn. Ẹni tó bá mọ̀ pé o máa ka ohun tóun kọ, á máa ṣọ́ ẹnu, àwọn tó ń gba lẹ́tà náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n fara balẹ̀ kà á dáadáa kí o tó fọwọ́ sí i. Kì í ṣe ohun tí wàá máa yí padà bó ṣe wù ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, abẹ́ Other Recommender ni ọ̀rẹ́ máa ń wọ̀, kì í ṣe abẹ́ ti olùkọ́.

Ímeèlì ni wọ́n fi ń pe onítọ̀hún. Ọmọ tó ta fóònù fún ọ̀rẹ́ mi ló ṣí tirẹ̀ fún un, kò mọ páswọ́ọ̀dù rẹ̀ mọ́, orúkọ tó sì wà lórí rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè kọ ọ́ síbí. A ṣí tuntun tó gbé orúkọ rẹ̀ gangan. Mo pè é, a dúró, a ò rí nǹkan kan. Inú Spam ni ìwé ìpè náà lọ sùn sí. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Inú ìwé olójú-ewé púpọ̀ tí wọ́n fi ń kọ gbèsè oníbàárà ló kọ́kọ́ kọ ọ́ sí. Mo rí èèpo ìwé náà lọ́jọ́ kan, àmì ìka rẹ̀ wà lára rẹ̀ ní aró dúdú, mi ò sì ṣí i. Lálẹ́ ọjọ́ kan ló pè mí.

"Níbo la ti padà rí fóònù bàbá ọjọ́ yẹn? Ṣé Sábó ni àbí Ìgbọ̀nà?"

"Sábó ni."

"Ó dáa." Ó gé fóònù.

Ó ń yún mi lẹ́nu kí n bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe, àmọ́ mo ti yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ló bá a wo sípẹ́lì. Mo gbọ́ pé ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn láàárín wọn, torí ẹ̀gbọ́n fẹ́ fi God-fearing síbẹ̀ dandan, ó ní lẹ́tà tí kò bá ní ìyẹn ò tíì pé. Àbúrò ní wọ́n ti kìlọ̀ fún òun.

Kafé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọláìyá la ti tẹ̀ ẹ́. Ìta ni mo jókòó sí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ lẹ́tà náà, kí wọ́n sì sọ ọ́ di PDF, ẹ má ya fọ́tò ojú ìwé. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣí líǹkì inú ímeèlì, tó kọ orúkọ àti iṣẹ́ rẹ̀, tó gbé lẹ́tà náà sókè. Kò pẹ́ tí mo fi rí i lójú ìwé tèmi pé wọ́n ti fi ránṣẹ́.

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù January ni fọ́ọ̀mù Dartmouth máa ń parí fún àwọn tí kò kọ ti ìpele àkọ́kọ́, èyí tó máa ń parí ní ìbẹ̀rẹ̀ November. Aago ibi tí ẹni tó ń kọ fọ́ọ̀mù wà sì ni Common App ń lò, kì í ṣe aago New Hampshire. Ẹ má jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì, torí àwọn oní-kafé á ti lọ sílé, nẹ́tíwọ̀kì á sì máa ṣe ségesège. Tí ilé-ẹ̀kọ́ míì tí ẹ kọ fọ́ọ̀mù sí bá ń gba lẹ́tà ọ̀rẹ́, ẹ rí i pé ẹ so orúkọ rẹ̀ mọ́ ti ọ̀hún náà.

Owó dátà àti ti kafé, èmi ni mo san. Òun ò gba kọ́bọ̀. Ó ní kí n máa bá òun kọ Gẹ̀ẹ́sì sábẹ́ àwòrán adìrẹ tóun ń gbé sórí Instagram. Iṣẹ́ náà ni mo ń ṣe lọ́wọ́ báyìí.